Iná Tí Mo Gbé Lọ sí Ìlú Àgùdà

Láti ìgbà tí mo ti dé, kò sí ẹni tó rí mi láàárín Ìkirè sí Àpòmù tí kò bi mí ní ìbéèrè kan náà: "Kí lẹ jẹ níbẹ̀?" Ẹnì kan kò béèrè ohun tí mo kọ́. Dókítà tó ń fi ìtànṣán wo àrùn jẹjẹrẹ ni mí, wọn kì í sì í tún ìwé àṣẹ iṣẹ́ wa ṣe bí a kò bá fi hàn pé a ṣì ń kẹ́kọ̀ọ́, bó ti wù kí irun wa funfun tó. Ìdí nìyẹn tí èmi tí mo ti lé ní ogójì ọdún fi tún di ọmọ ilé-ìwé fún ọ̀sẹ̀ méjì ní ìlú Porto, ní ilẹ̀ àwọn Potogí. N óò sọ ohun tí mo jẹ o, ẹ fọkàn balẹ̀. Ṣùgbọ́n n kò lè sọ ọ́ kí n má kọ́kọ́ sọ ti Màmá Àpòmù, nítorí ọ̀rọ̀ wọn ni mo gbé lọ, òun náà ni mo sì gbé bọ̀.

Kí n tó lọ

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi obìnrin ni Màmá Àpòmù. Ìkirè ni wọ́n bí mi sí, ṣùgbọ́n gbogbo ọlidé ni mo máa ń lò lọ́dọ̀ wọn nídìí kòkó. Wọ́n ti di opó láti ìgbà tí mo wà ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, oko kòkó tí ọkọ wọn fi sílẹ̀ ni wọ́n sì fi rán àwọn ọmọ wọn, àti èmi náà, ní ilé-ìwé. Bí mo ṣe di dókítà, ọwọ́ wọn wà níbẹ̀ dáadáa.

Nígbà tí òjò ọdún yìí ń le ni wọ́n yọ kókó kan nínú ọmú wọn òsì, àyẹ̀wò sì fi hàn pé jẹjẹrẹ ni. Màmá kò sunkún. Wọ́n ní, "Gbogbo ọjọ́ ayé mi, kòkó ni mò ń ká. Ó wá yí ohùn padà fún mi, ó di kókó." Egbò náà jinná. Ohun tó kù ni kí wọ́n wá sí ilé-ìwòsàn wa n'Ìbàdàn fún ìtọ́jú onítànṣán, kí ìyókù tí ojú kò rí má baà tún hù. Ọ̀gá mi ló ń tọ́jú wọn, ó wá ní kí èmi tí mo jẹ́ ọmọ wọn lọ ṣàlàyé. Ó kìlọ̀ fún mi pé àkókò tó yẹ ká bẹ̀rẹ̀ kò ní dúró dè wá.

Mo lọ sí Àpòmù lọ́jọ́ Sátidé tó ṣáájú ìrìn-àjò mi. Wọ́n sá kòkó sí iwájú ilé. Mo fo ẹní kòkó náà kọjá, mo jókòó, mo ṣe bí ẹni tó mọ̀wé.

"Màmá, iná díẹ̀ ló kù tí wọ́n máa fi sí i."

Wọ́n gbójú sókè. "Iná báwo?"

"Bá a ṣe ń pè é nìyẹn. Ẹ̀rọ kan ló ń fi iná jó ibi tí àrùn náà wà."

"Àṣàkẹ́, ṣé ẹran ìgbẹ́ ni mo dà lójú ẹ ni? Ẹ ní ẹ fẹ́ gé mi, mo gbà. Ẹ wá fẹ́ sun mí báyìí?"

"Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iná ìdáná. Bí iná mànàmáná ni."

"Ìyẹn gan-an ló pa ọmọkùnrin tó gun òpó ní Wásinmi!"

Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Gbogbo ohun tí mo sọ lẹ́yìn ìyẹn, ńṣe ló ń dá kún èéfọ́. Nígbà tí mo dìde, Màmá sìn mí dé ẹnu ọ̀nà, wọ́n gbàdúrà ìrìn-àjò fún mi, wọ́n sì fi kún un pé, "Máa lọ síbi tó ò ń lọ. Ọlọ́run á bá mi ṣe tèmi." Ojú tì mí, ẹ̀rù sì bà mí gidigidi. Mo mọ ohun tó máa ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó bá ní Ọlọ́run á bá àwọn ṣe é, tí wọn kò sì padà wá.

Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni

Ẹni tó bá ti Ìkirè lọ ọ̀nà jíjìn tí kò ra dòdò, nǹkan ń ṣe é. Mo ra tèmi, mo dì í sí ọ̀rá mẹ́ta, mo kì í sí ìsàlẹ̀ àpò. Nígbà tí a balẹ̀ ní Porto, aṣọ́bodè kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń hu irùngbọ̀n, ti àpò mi sínú ẹ̀rọ tó ń wo inú ẹrù, ó dúró, ó sì tẹjú mọ́ ojú ẹ̀rọ. Iṣẹ́ mi ni láti máa tẹjú mọ́ àwòrán inú ara ọmọ ẹlòmíràn. Wọ́n wá ń wo tèmi lọ́jọ́ yẹn. N kò mọ ìgbà tí mo na ọrùn. Mo rí wọn lójú ẹ̀rọ: róbótó-róbótó, wọ́n fara ti ara wọn, etí wọn kò dán. Ká ní inú ẹ̀dọ̀fóró èèyàn ni mo ti rí wọn, n kò ní lè jẹun alẹ́.

"Kí nìyí?" Ó fi Gẹ̀ẹ́sì bi mí.

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni."

Ó tú ọ̀rá. Ó wo dòdò tó dúdú, tó ń dán fún epo pupa. "Èyí kì í ṣe ọ̀gẹ̀dẹ̀."

"Ọ̀gẹ̀dẹ̀ ni. Bó ṣe ń rí ní ìlú wa nìyẹn. Ẹ tọ́ ọ wò." Mo mú ọ̀kan, mo nà án sí i.

Nílé wa, ẹ̀kọ́ ilé nìyẹn. Níwájú aṣọ́bodè, ó jọ àbẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọmọkùnrin náà fò sẹ́yìn, ó pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin kan tó gbé awò ojú sórí imú. Ìyẹn gbóòórùn dòdò, ó béèrè bóyá ata wà níbẹ̀. Mo ní ata wà níbẹ̀ o. Ó rẹ́rìn-ín, ó dá ọ̀rá mi padà, ó ní kí n máa lọ. Bí mo ṣe wọ ilẹ̀ wọn nìyẹn.

Ìlú òkè, ìlú ṣàkì

Àwa Yorùbá ń pe ọmọ ìjọ Kátólíìkì ní Àgùdà, bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn baba wa ń pe àwọn Potogí. Èmi tí wọ́n tọ́ dàgbà nínú ìjọ Áńgílíkà wá bá ara mi láàárín ìlú Àgùdà gan-an, tí agogo ṣọ́ọ̀ṣì ń dún lọ́tùn-ún lósì. Òkè ni gbogbo ìlú náà. Bí o bá ń lọ ra búrẹ́dì, òkè ni. Bí o bá ń padà bọ̀, òkè ni. N kò mọ bí wọ́n ṣe rí i ṣe.

Àlejò lójú, ṣùgbọ́n kò fi ríran. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, mo sọnù. Mo fi ìwé tí àdírẹ́ẹ̀sì ilé-ẹ̀kọ́ wà lára rẹ̀ han bàbá kan tó ń gbá iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Bàbá náà kò nàka síbì kankan. Ó fi ìgbálẹ̀ ti ògiri, ó ní kí n tẹ̀ lé òun, ó sì ń fi Potogí bá mi sọ̀rọ̀ bí a ṣe ń gun òkè lọ. Èmi náà ń fi Yorùbá dá a lóhùn. Mo sọ fún un pé orúnkún ń ro mí. Ó nàka sí orúnkún tirẹ̀, ó mi orí. A gbọ́ ara wa yé títí a fi dé ẹnu ọ̀nà.

Wọ́n ti sọ fún mi nílé pé òyìnbó kì í kí èèyàn. Ti Porto ń kí o! Ní ilé-ìwòsàn tí a ti ń kẹ́kọ̀ọ́, ẹni tó bá wọ ibi tí àwọn aláìsàn ti ń dúró de dókítà, á kí gbogbo ilé, gbogbo ilé á sì jẹ́ ẹ. Ó wù mí tó bẹ́ẹ̀ tí mo ń jáde, tí mo tún ń padà wọlé, kí n lè tún kí wọn.

Ó yá, ọ̀rọ̀ oúnjẹ. Ohun tí wọ́n fi ń yangàn ní ìlú yẹn ni ṣàkì. Ẹ kò ṣì mí gbọ́. Ṣàkì tí wọ́n sè mọ́ ẹ̀wà funfun, wọ́n tilẹ̀ ń fi pe ara wọn ní ajẹṣàkì. Ọ̀gbẹ́ni tó ń gbé oúnjẹ dúró tì mí pẹ̀lú ìbànújẹ́, ó ní kí n rò ó dáadáa, pé àwọn àlejò kì í sábà lè jẹ ẹ́. Èmi, ọmọ Ìkirè! Mo jẹ àwo kan, mo tún béèrè òmíràn. Àléébù kan ṣoṣo tó ní ni pé ata kò dé ibẹ̀ rárá. Mo yọ dòdò jáde nínú àpò. Ọ̀gbẹ́ni náà ń wò mí, mo wá já díẹ̀ fún un. Ó jẹ ẹ́, omi dà lójú rẹ̀, ó sì tún na ọwọ́.

Wọ́n tún ní ẹja kan tí wọ́n fi iyọ̀ gbẹ, ó le gbagidi bíi pánlá. Wọ́n máa ń rẹ ẹ́ sómi kí wọ́n tó sè é. Ọjọ́ tí mo jẹ ẹ́ ni ilé kọ́kọ́ sọ sí mi lọ́kàn. Mo pe Màmá Àpòmù. Wọ́n bi mí ní oúnjẹ tí mo jẹ, bóyá òtútù ń mú, bóyá àwọn èèyàn ibẹ̀ ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Gbogbo rẹ̀ ni mo dáhùn, ohùn wọn sì mọ́ gaara bí ẹni pé wọ́n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Bí mo ṣe dárúkọ Ìbàdàn báyìí, wọ́n ní nẹ́tíwọ̀kì kò dára.

Ìbéèrè olùkọ́

Àwa bí ogún la wà ní kíláàsì. Ìdajì wa ń wo àwòrán inú ara, ìdajì ń fi ìtànṣán tọ́jú àrùn. Ní àárọ̀, a máa ń jókòó ti kọ̀ǹpútà, a ń fi ìlà yí ibi tí ìtànṣán gbọ́dọ̀ dé ká, a sì ń fi òmíràn yí ọkàn àti ẹ̀dọ̀fóró ká, kó má baà dé ọ̀dọ̀ wọn. N kò ní purọ́ fún yín, mo mọ̀ ọ́n fà. Olùkọ́ wa, ọ̀jọ̀gbọ́n obìnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, fi ìlà tèmi han gbogbo kíláàsì. Orí mi wú.

Lọ́jọ́bọ̀, wọ́n mú ìyá àgbà kan wọlé, Dona Lurdes. "Dona" yẹn dà bí ìgbà tí a bá ní "Màmá". Wọ́n ti gba ìtọ́jú yìí fúnra wọn rí, ní ọmú, ara wọn sì ti yá. Olùkọ́ ní kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wa ṣàlàyé ìtọ́jú náà fún wọn ní èdè abínibí rẹ̀. Dona Lurdes kò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ kan, ojú wa àti ọwọ́ wa ni wọ́n máa wò, wọn á wá sọ bó bá jẹ́ pé àwọn lè tẹ̀ lé wa wọ yàrá ẹ̀rọ.

Ó kàn mí. Mo bọ́ síwájú ìyá tó dàgbà ju màmá mi lọ, kí n sì tó mọ̀, mo ti kúnlẹ̀. Dona Lurdes rò pé mo ṣubú ni. Wọ́n ké, wọ́n fò dìde, wọ́n di apá mi mú, wọ́n ń wá omi fún mi. Kíláàsì rẹ́rìn-ín títí. Èmi náà rín in, mo jókòó, mo sì sọ ọ̀rọ̀ náà gẹ́lẹ́ bí mo ṣe sọ ọ́ ní Àpòmù.

Kí n tó parí, Dona Lurdes ti fa àga wọn sẹ́yìn, wọ́n sì ti ká apá mọ́ àyà.

Olùkọ́ ní, "Ọ̀rọ̀ kan wà tí o ń sọ lásọtúnsọ, ọwọ́ rẹ sì ń fò sókè nígbàkúgbà tí o bá sọ ọ́. Kí ni ọ̀rọ̀ yẹn?"

"Iná," mo ní.

"Kí ni ìtumọ̀ rẹ̀?"

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé pé ó lè jẹ́ ìmọ́lẹ̀, ó lè jẹ́ mànàmáná. Ó dá mi dúró jẹ́jẹ́. "Èwo ni ọmọdé kọ́kọ́ máa ń mọ̀ nínú wọn?"

N kò rí ibi sá sí. "Èyí tó ń jó ilé," mo dáhùn.

Olùkọ́ túmọ̀ rẹ̀ fún Dona Lurdes. Ìyá àgbà náà gbé ọwọ́ lé ọmú wọn, wọ́n sọ gbólóhùn kan, olùkọ́ sì yí i sí Gẹ̀ẹ́sì fún mi: "Wọ́n ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni àwọn fi lọ síbẹ̀. Níbo ni iná ọ̀hún wà?"

Omijé gbọ̀n lójú mi. Mo rántí gbogbo àwọn tó ti jókòó síwájú mi n'Ìbàdàn, tí wọ́n ní àwọn ń lọ sọ fún ọkọ àwọn, tí wọn kò padà. Mo máa ń sọ pé ẹ̀rù ló bà wọ́n. N kò bi ara mi léèrè rí pé ta ló dẹ́rù bà wọ́n.

Ẹ̀wà Dona Lurdes

Bóyá wọ́n ṣàánú mi ni, Dona Lurdes ní kí n wá jẹun lọ́dọ̀ àwọn lọ́jọ́ Sọ́ńdé, ní abúlé kan tí kò jìnnà sí ìlú. Wọ́n gbé ọbẹ̀ ẹ̀fọ́ kalẹ̀, ẹ̀fọ́ tí wọ́n rẹ́ wẹ́wẹ́ bí ẹni pé abẹ́rẹ́ ni wọ́n fi rẹ́ ẹ. Lẹ́yìn ìyẹn, wọ́n mú mi lọ sẹ́yìn ilé. Wọ́n tẹ́ aṣọ funfun sórí òkúta, wọ́n sá ẹ̀wà lé e.

A kò tíì dúró pẹ́ tí ojú ọjọ́ fi ṣú. Dona Lurdes pariwo nǹkan kan. N kò gbọ́ Potogí, ṣùgbọ́n ta ló ti sá kòkó rí tí kò mọ ohùn "òjò ń bọ̀"? Mo bọ́ bàtà, mo gbá etí aṣọ kan mú, wọ́n gbá ìkejì mú, a sáré wọlé pẹ̀lú ẹ̀wà bí ẹni tí olè ń lé. A dé inú ilé tán, a ń mí hẹlẹ-hẹlẹ, a sì ń rẹ́rìn-ín.

Ààrò ńlá kan wà ní ilé ìdáná wọn. Mo nàka sí ẹ̀wà, mo nàka sí ààrò, bí ẹni pé kí ló dé tí ẹ ò kúkú kó o síbẹ̀ kó yá? Dona Lurdes yínmú sí mi. Wọ́n fi ọwọ́ ṣàpèjúwe rẹ̀: á jóná. Wọ́n nàka sí òde, wọ́n ka ìka wọn lọ́kọ̀ọ̀kan: oòrùn lónìí, a kó o wọlé, oòrùn lọ́la, a kó o wọlé.

Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín ẹ̀wà. Èmi tí mo dàgbà lórí ẹní kòkó! Mo ti fo kòkó kọjá kí n tó jókòó sọ̀rọ̀ iná fún Màmá.

Àpòmù

Àjò kì í dùn kí onílé má relé. Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo ti wà ní Àpòmù. Lọ́tẹ̀ yìí, n kò fo ẹní. Mo bọ́ bàtà, mo ń fi ẹsẹ̀ rú kòkó lẹ́gbẹ̀ẹ́ Màmá.

"Màmá, kí ló dé tẹ́ ò fi iná gbẹ ẹ́, kó lè yá?"

"O ti gbàgbé ni? Kòkó tó bá ti gbọ́ èéfín, ta ló máa rà á? Oòrùn ni. Díẹ̀ lónìí, díẹ̀ lọ́la."

"Tẹ́ ẹ bá wá sá a lónìí, tẹ́ ẹ pa á tì fọ́jọ́ mélòó kan ńkọ́?"

"Á bu ni."

"Ohun tí wọ́n fẹ́ ṣe fún yín n'Ìbàdàn nìyẹn. Èmi ni mo pè é ní iná, mo sì ṣì í pè, ẹ má bínú sí mi. Ẹ máa dùbúlẹ̀ fún ìṣẹ́jú díẹ̀, wọ́n á tan ìtànṣán sí i, ẹ ò ní gbọ́ ọ lára, ẹ ó dìde. Ọ̀la, ẹ ó tún wá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, Mọ́ńdé sí Fúráìdé, a ò ní jẹ́ kó bu."

Màmá rú kòkó dé etí ẹní, wọ́n padà.

"Kò wá ní ṣe ara mi ní nǹkankan?"

"Ara ibẹ̀ lè dúdú, ó lè máa yún yín, ó sì lè rẹ̀ yín. Mi ò ní parọ́ fún yín."

"Oòrùn oko náà ń ṣe bẹ́ẹ̀." Wọ́n dúró, wọ́n wo ojú ọ̀run bí àgbẹ̀ ṣe ń wò ó. "Tójò bá dé ńkọ́, Àṣàkẹ́? Ta ni ó kó mi wọlé?"

Ìyẹn kò sí nínú ohun tí wọ́n kọ́ wa ní Porto. Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ a máa bàjẹ́, mo mọ̀ pé ìrìn Àpòmù sí Ìbàdàn lójoojúmọ́ kì í ṣe fún ẹni tó rẹ̀. "Èmi ni, Màmá," mo ní. "Ọ̀dọ̀ mi lẹ máa sùn títí á fi parí."

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu Màmá. "O wá wọ ọkọ̀ òfurufú lọ sílùú òyìnbó, o lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sá kòkó. O ò bá kúkú ti bi mí."

Ìbàdàn

Ọjọ́ kẹta tí Màmá bẹ̀rẹ̀ ìtọ́jú, mo dúró dè wọ́n lẹ́nu ọ̀nà yàrá ẹ̀rọ. Obìnrin kan tó kéré sí mi lọ́jọ́ orí jókòó síbẹ̀, ó fi ìborùn bojú, ó ń sunkún, ó sì ń sọ fún ọkọ rẹ̀ pé kí àwọn máa lọ sílé, pé wọ́n ní iná ni wọ́n fi ń jó èèyàn nínú ilé yẹn. Mo fẹ́ lọ bá a. Màmá ti jáde, wọ́n ń ro ìró wọn, wọ́n sì ti dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí n tó gbé ẹsẹ̀.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ? Wò mí. Ṣé mo jọ ẹni tó jóná? Wọ́n kàn ń sá wa sóòrùn ni, bíi kòkó. Tún jókòó."

Obìnrin náà ṣí ojú rẹ̀. "Ṣé dókítà ló sọ bẹ́ẹ̀ fún yín, Màmá?"

Màmá wo ẹ̀yìn, wọ́n rí mi.

"Dókítà kẹ̀? Iná lòun náà ń pè é tẹ́lẹ̀."